Ohun Tó Sọnù, Ohun Tí A Sọ Nù

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ní Pánṣẹ́kẹ́,
kọ̀ǹpútà mi bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́ bí ẹni tí egungun ẹja há lọ́fun:
kẹ́ẹ́, kẹ́ẹ́, ó dákẹ́. Kẹ́ẹ́.
Ọdún mẹ́rìnlá ìwé àdéhùn ilẹ̀ ló wà níkùn rẹ̀,
ti Àṣẹ́rò, ti Ọbáńtokò, ti Ìdí-Aba,
ilẹ̀ tí ẹni mẹ́ta rà lọ́wọ́ ẹnì kan náà.
Èmi ni mo tẹ gbogbo rẹ̀. N kò bi ẹnikẹ́ni léèrè.

Kí n tó ké tán, oníṣègùn ti kún ṣọ́ọ̀bù.
Múkáílà tó ń ta káàdì fóònù ní òun ní ọ̀kan nínú fláàṣì,
ọ̀fẹ́ ni, ẹnì kan ti já àgádágodo rẹ̀.
Mo mọ Múkáílà: fáìlì mẹ́ta ni yóò bá mi rí,
fáírọ́ọ̀sì méje ni yóò fi ṣe èènì.
Akínlabí, ọmọ àbúrò mi, pè láti Ìlọrin:
“Ẹ ra èyí tó ní àwọ̀ ewé, bọ́tìnnì kan ṣoṣo, ó tán.”
Mo wo iye rẹ̀ ní dọ́là, mo ṣírò ó sí náírà,
mo rọra gbé fóònù kalẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin.

Èyí tó bá ẹ̀rọ wáyé fúnra rẹ̀ ń bi mí léèrè:
Ṣé kí n tún un ṣe? Bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́.
Ìka mi ti wà lórí bẹ́ẹ̀ ni
nígbà tí Ẹ̀ńjíníà Ṣóbándé gba máòsì lọ́wọ́ mi.

Ọkùnrin tí kì í yára. Ó fi etí lé àpótí ẹ̀rọ, ó pẹ́ níbẹ̀.
“Ìyá Ewatómi, a kì í rán ẹni tí àyà ń dùn lọ sóko.
Èyí tó ń ṣàtúnṣe a máa kọ̀wé sórí ohun tó fẹ́ wò sàn.
Kíkà ni ká ka eléyìí, ká má fọwọ́ kan nǹkan lára rẹ̀.
Ẹ jẹ́ ká dà á kọ ná. Ara ẹ̀dà la ó ti dánra wò.”

Nítorí náà, èyí tí a yàn kò lẹ́wà.
Kò ní àwòrán, kò ṣèlérí.
Lẹ́tà funfun lójú dúdú, bí ọmọ iléèwé tó ń kàwé fún tíṣà:
ibí dára, ibí dára, ibí yìí n kò lè kà á,
mo fò ó, màá padà.
Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. N kò lè kà á, màá padà.
Ta ló ti sọ bẹ́ẹ̀ rí nípa mi?

Iná lọ nígbà tó ku díẹ̀.
A yá epo lọ́wọ́ onídìrí; jẹnẹrétọ̀ ń gbọ̀n tábìlì;
Ṣóbándé ká gèlè mi sábẹ́ dísíìkì bí ẹni tẹ́ ọmọ tuntun.
Ilẹ̀ ṣú. Àwọn ọlọ́kadà ń ké Kútọ̀, Kútọ̀, Láfẹ́ńwá.

Ní agogo mẹ́wàá àbọ̀ ni fáìlì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.
Ọbáńtokò, ó pé.
Ìdí-Aba, ó pé tirọ́tirọ́.
Lẹ́yìn wọn, ohun tí n kò bèèrè:
lẹ́tà tí mo kọ sí bàbá Ewatómi lọ́dún tó kó lọ sí Kùtọnu,
ojú ìwé mẹ́ta, tí n kò fi ránṣẹ́,
tí mo fọwọ́ ara mi pa rẹ́.

Mo ní, Ẹ̀ńjíníà, èyí kò sọnù. Mo sọ ọ́ nù ni.
Ó ní, ẹ̀rọ kò mọ ìyàtọ̀.

Ó jáde síta, bóyá torí sìgá, bóyá torí mi.
Ìlà kẹrin ti bàjẹ́, àmì ìbéèrè ló kún un,
síbẹ̀ mo rántí gbogbo ohun tó wà níbẹ̀.
Nígbà tó wọlé, ó so dísíìkì tuntun mọ́ ọn, ó wò mí:
“Ṣé ká kó gbogbo rẹ̀?”
Mo ní, kó ìwé ilẹ̀.
Mo ní, dúró ná.